Àkísà Pupa Tí Mo Tú Kúrò Lára Àwọ̀n Mi

Ní abúlé tí wọ́n bí mi sí, láàárín Abereke àti Molutehin, ẹsẹ̀ kò lè pa irọ́. Orí òpó ni gbogbo ilé wà lójú omi, pákó ni a fi so ilé kan mọ́ èkejì, pákó kọ̀ọ̀kan ló sì ní ohùn tirẹ̀. Ìyá mi a jókòó ti ẹja tó ń yan, èéfín a bò ó lójú, a sì wí pé, "Ìyá àgbà ilé kẹta ló ń kọjá yẹn. Ó gbé omi dání." Kò ní gbójú sókè. Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tí ẹ ní kí n kọ ìtàn ìgbà ọ̀dọ́ mi sílẹ̀, bí mo bá wí fún yín pé mo rò pé mo pa àṣírí mọ́ ní irú abúlé bẹ́ẹ̀ fún oṣù mẹ́rin gbáko, ẹ kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín ná.

Ayé òyìnbó ni. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni Ajẹ́lẹ̀ ń wá nínú ọkọ̀ tó ń tú èéfín. Kí ó tó yọ, a ti gbọ́ ìró rẹ̀, àwọn tó ń pọn ògógóró a sì ti so ìgò wọn mọ́ okùn, wọ́n a ti rì í sábẹ́ ilé. Bí ó bá lọ tán, kálukú a fa tirẹ̀ sókè. Kò sẹ́ni tó jẹ́ fa ti ẹlòmíràn, nítorí gbogbo okùn ló ní àkísà tirẹ̀ lẹ́nu.

Bí ẹ kò bá mọ ọ̀rọ̀ àkísà yìí, ẹ ò lè mọ ohun tí ojú mi rí. Ẹnu odò, níbi tí omi dídùn ti ń pàdé omi iyọ̀, ni a ń ri àwọ̀n sí. Ọ̀pá ló ń dúró tì í, orí ọ̀pá la sì ń so àkísà mọ́. Orúkọ ẹni ni àkísà yẹn. Tí ẹja bá kún àwọ̀n ẹlòmíràn débi pé àwọ̀n fẹ́ ya, tí o sì ń tukọ̀ kọjá, wàá lọ sílé lọ pe ẹni tó ni ín ni. O kò ní fọwọ́ kàn án. Ti bàbá mi pupa ni: aṣọ tó nípọn kan tó rà lọ́wọ́ oníṣòwò Mùsùlùmí tó ń tukọ̀ ta aṣọ káàkiri odò wa. Ó ta á ní kókó méjì lókè, ó sì la ìdí rẹ̀ sí mẹ́ta. Nígbà tí òkun mú bàbá mi lọ, àwọ̀n di tèmi, àkísà náà sì di tèmi. Ìdí nìyẹn tí mo fi kúrò ní ilé ìwé nígbà tí mo dé kíláàsì kẹta.

Kíláàsì kẹta kì í ṣe ohun kékeré nígbà náà. Èmi àti Tíṣà nìkan la lè ka ìwé já gaara ní gbogbo abúlé. Tíṣà yìí, ará òkè ni. Ìjọ ló rán an sí wa: láàárín ọ̀sẹ̀ ó ń kọ́ àwọn ọmọdé, lọ́jọ́ Ìsinmi ó ń wàásù. Omi ń bà á lẹ́rù. Bó bá ń rìn lórí pákó, yóò bọ́ bàtà rẹ̀ dání, yóò sì máa wo ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́. Inú mi máa ń dùn láti rí ẹni tí ẹ̀rù ń bà jù mí lọ. Ó fi mí ṣe ẹni tí yóò máa ka Bíbélì níwájú ìjọ. Mo pé ọdún méjìlélógún, mi ò ní nǹkan kan láyé ju àwọ̀n mẹ́fà àti ipò yẹn, mo sì máa ń wú ikọ́ lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí kà, kí wọ́n lè wò mí dáadáa.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi, Tíṣà a máa jókòó pẹ̀lú wa ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì láti ka ìwé òyìnbó kan fún wa. Ìwé náà kò ní èèpo mọ́, òjò ti lá ojú ewé àkọ́kọ́ rẹ̀. Tíṣà a ka ojú ewé kan, a sì túmọ̀ rẹ̀ ní Yorùbá. Ìtàn ìlú etí òkun kan ni, ní ọ̀nà jíjìn réré, níbi tí àwọn ará ìlú ti ń sin Ọlọ́run tọkàntọkàn débi pé ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ di èèwọ̀. Wọ́n mú obìnrin kan jáde láti inú ẹ̀wọ̀n, ọmọ jòjòló lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní kó dúró lórí pèpéle pákó kí gbogbo ayé wò ó. Wọ́n ní kó lẹ lẹ́tà kan tí wọ́n fi aṣọ pupa gé mọ́ àyà, kí ẹni tó bá rí i lè mọ̀ pé ó ti dẹ́ṣẹ̀. Wọ́n bi í léèrè bàbá ọmọ. Kò dáhùn.

A fẹ́ràn ìtàn náà gan-an. Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń tukọ̀, tí kò mọ A yàtọ̀ sí ìwọ̀ ẹja, ló máa ń jiyàn jù.

"Tíṣà, kí ló dé tí wọn ò wo ojú ọmọ náà?"

"Wọ́n wò ó."

"Wọn ò wò ó dáadáa. Níbí, imú nìkan ti tó fún wa."

Ẹ̀ẹ̀rùn yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ bẹ́ sílẹ̀ ní tiwa. Ọmọbìnrin kan wà tó ń gbé lọ́dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀, nílé kẹrin sí tiwa. Ìyá rẹ̀ ti kú. Òun ló ń lọ́ okùn, òun ló sì ń tún àwọ̀n tó ya ṣe fún gbogbo wa. Oyún rẹ̀ ti hàn, kò sì lọ́kọ. Gbogbo abúlé ń béèrè ẹni tó ṣe é. Èmi mọ̀ ọ́n dájúdájú, nítorí èmi ni.

Ẹ má retí kí n ṣàlàyé. Ohun tí mo lè sọ ni pé mo máa ń gbé àwọ̀n lọ fún un láti tún ṣe, nígbà tí èyí tó ya sì tán, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀bẹ ya wọn. Ó wo ojú ibi tó ya lọ́jọ́ kan, ó fi ìka tọ́ ọ, ó ní, "Ẹja wo ló ń rìn pẹ̀lú ọ̀bẹ lẹ́nu odò yín?" Mo ní akàn ni. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé abẹ́rẹ́ àwọ̀n sílẹ̀. Títí di ìsinsìnyí, bí mo bá gbóòórùn okùn tútù, ẹ̀rín yẹn ni mo ń gbọ́.

Tíṣà pe ìjọ jọ. Ó bi í léèrè níwájú gbogbo wa. Ọmọbìnrin náà dìde dúró, ó ní, "Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe, yóò mọ̀ ọ́n sọ." Ó jókòó. Mo mú Bíbélì dání níwájú, mo sì ń wá ibi tí mo fẹ́ kà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó ní kí n kàwé.

Ìgbà náà ni Tíṣà sọ ohun tó ti ń rò bọ̀ láti inú ìwé rẹ̀. Ó ní kí a gé lẹ́tà P láti ara aṣọ pupa, P tó bẹ̀rẹ̀ panṣágà, kí ọmọbìnrin náà máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ àyà wá sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Bàbá Ìjọ wà níbẹ̀, ẹni tó kọ́kọ́ ṣe ìrìbọmi ní abúlé wa, tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti di funfun. Ó ní, "Tíṣà, ọ̀rọ̀ yín dára. Ta ni yóò kà á?"

Tíṣà wo mí. Mo wo ilẹ̀.

"Ẹ̀yin méjì nìkan," Bàbá Ìjọ wí. "Àkísà ni àwa ń kà. Bó bá jẹ́ àmì lẹ fẹ́, kó so àkísà."

Inú Tíṣà dùn. Lójú rẹ̀, aṣọ ni aṣọ, pupa ni pupa. Ó ní kí ọmọbìnrin náà wá àkísà pupa fúnra rẹ̀, kó sì rán an mọ́ àyà ẹ̀wù rẹ̀. Ó fi òfin kan kún un: tí ọmọ bá pé ọjọ́ mẹ́jọ tí a kò sì gbọ́ orúkọ bàbá rẹ̀, kò ní sọ ọ́ lórúkọ nínú ṣọ́ọ̀ṣì, kí ìyá àti ọmọ sì wọ ọkọ̀ lọ bá àwọn ẹbí ìyá rẹ̀ tó ti kú, tí wọ́n ń gbé ní odò tó jìnnà, ìrìn odidi ọjọ́ kan. Àbúrò ìyá rẹ̀ bú sẹ́kún. Èmi di Bíbélì mú ṣinṣin. Mo rò pé tí mo bá sọ̀rọ̀, wọn yóò gba Bíbélì lọ́wọ́ mi, èmi náà yóò sì di ẹni tó kàn ń pẹja. Ìwé tí mo kà kò pọ̀, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù mi ti gba ìwé ẹ̀rí.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, mo dìde láti kàwé, mo wú ikọ́ mi lẹ́ẹ̀mẹta, mo gbójú sókè, ó sì ń wọlé bọ̀. Àkísà wà láyà rẹ̀. Pupa. Kókó méjì lókè. Ìdí rẹ̀ là sí mẹ́ta.

Òun ló máa ń bá mi gé àkísà àwọ̀n mi. Ó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ rẹ̀.

Wọ́n ní mo ka orí kan náà lẹ́ẹ̀mejì ní òwúrọ̀ yẹn. Ẹnikẹ́ni kò dá mi dúró.

Ẹ wá gbọ́ ọgbọ́n tí mo dá. Mo wí fún ara mi pé kò sẹ́ni tó tíì kíyè sí i, mo sì gbọ́dọ̀ tètè ṣe nǹkan kí wọ́n tó kíyè sí i. Bí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé ṣe mọ́, mo gé ṣòkòtò kákí tí mo wọ lọ sílé ìwé sí wẹ́wẹ́, mo tukọ̀ lọ sí ẹnu odò, mo tú àkísà pupa bàbá mi kúrò lórí ọ̀pá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, mo so kákí rọ́pò rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ló jókòó nídìí ọkọ̀, àjẹ̀ lórí itan rẹ̀, tó ń wò mí.

"Ta ló kú?" ó béèrè.

Nítorí ní odò wa, a kì í pààrọ̀ àmì àwọ̀n láàárín ọdún ẹja àfi bí ẹni tó ni ín bá kú.

"Kò sẹ́ni tó kú. Pupa ń dẹ́rù ba ẹja ni."

Ó fi àjẹ̀ tọ́ka sí kákí. "Ẹja nìkan?"

"Tukọ̀ jàre."

Ó tukọ̀. Nígbà tó yá ó bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé orin kan láàárín eyín, mo sì rò pé orin lásán ni.

Láti ọjọ́ náà, gbogbo abúlé ló ní ìkíni tuntun fún mi. Bàbá Ìjọ a pàdé mi lórí pákó: "Ọmọ mi, báwo ni kákí? Ṣé kì í ṣá?" Àwọn obìnrin tó ń ra ẹja lọ́wọ́ mi a yẹ ẹja wò, wọ́n a ní, "Ẹja kákí rèé." Mo ń dáhùn pé ẹ ṣeun. Ìyá mi gbé púpurù àti ọbẹ̀ marúgbó síwájú mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó sì dúró.

"Ọma mi," ó wí, bí a ṣe ń pe ọmọ ní etí omi wa, "àkísà bàbá rẹ dà?"

"Ó ti gbó, Ìyá."

"Mo rí i lọ́jọ́ Ìsinmi. Kò gbó."

Ó padà sídìí ẹja rẹ̀. Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, ṣùgbọ́n mo jókòó ti oúnjẹ yẹn, mo ń bá ara mi jiyàn pé ó ní láti jẹ́ aṣọ mìíràn ló ń sọ. Ẹni tí ẹ̀rù bá ń bà, a máa ya òmùgọ̀ ju bí Ọlọ́run ṣe dá a lọ.

Ìwé òyìnbó náà kò sì jẹ́ kí n sùn. Gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi ni mo ń béèrè, "Tíṣà, ta ni bàbá ọmọ yẹn?" Yóò ní, "Ní sùúrù. A ò tíì dé ibẹ̀." Mo yá ìwé náà, mo ní mo fẹ́ fi kọ́ èdè òyìnbó. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi jà pẹ̀lú rẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ mẹ́wàá, mẹ́fà kò yé mi, ṣùgbọ́n mẹ́rin tó yé mi ti tó láti pa mí. Bàbá ọmọ náà ni oníwàásù wọn fúnra rẹ̀, ẹni tó ń di Ìwé Mímọ́ mú níwájú gbogbo ènìyàn. Ó pa á mọ́ títí àyà fi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, ó ń rù, ọwọ́ rẹ̀ kì í kúrò láyà. Nígbà tó gun pèpéle tó jẹ́wọ́, ibẹ̀ náà ló kú sí.

Mo fọwọ́ kan àyà mi. Ó ń dùn mí. Ní ìlú etí òkun méjèèjì, oníwé ló jẹ̀bi.

Ìyá mi fi epo ra àyà náà fún mi lọ́jọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹrin ó dé ìgò epo, ó ní, "Kì í ṣe ibí ló ń dùn ọ́."

Nígbà tí mo dá ìwé padà, mo bi Tíṣà bóyá ó ti ka ìparí rẹ̀. Ó nu dígí ojú rẹ̀. "Mo kà á rí. Ìbẹ̀rẹ̀ ni mo fẹ́ràn. Ìbẹ̀rẹ̀ ni ẹ̀kọ́ wà." Mi ò bínú sí i. Gbogbo wa la fẹ́ràn ibi tí wọ́n ti ń fìyà jẹ ẹlòmíràn.

Ọmọbìnrin náà bímọ, obìnrin ni. Mo gbọ́ igbe ọmọ náà láti ilé kẹrin, mo sì ń yọ ẹja kúrò nínú àwọ̀n bí ẹni tí kò gbọ́. Ọjọ́ mẹ́jọ pé. Òwúrọ̀ ni, omi ń kún bọ̀, wọ́n sì ti so ọkọ̀ mọ́ òpó ṣọ́ọ̀ṣì. Mo rí ẹrù tó wà nínú rẹ̀: ẹní kan, ìkòkò kan, abẹ́rẹ́ àwọ̀n tó fi aṣọ wé. Abẹ́rẹ́ yẹn ló gún mi lọ́kàn. Mo mọ̀ pé tí ọkọ̀ yẹn bá yí ẹ̀yìn odò, mi ò ní rí òun àti ọmọ náà mọ́, nítorí èmi tí mo ń bẹ̀rù pákó abúlé mi, ta ni yóò gbé mi dé odò àwọn ẹbí rẹ̀?

Tíṣà dúró. "Ta ni bàbá ọmọ yìí?"

Omi ń lu òpó. Ọmọbìnrin náà gbé ọmọ sí apá òsì, kí àkísà àyà rẹ̀ lè hàn gbangba. Kò wò mí. Ó ń wo ọkọ̀.

Mo ti kọ ohun tí mo fẹ́ sọ sínú ìwé, ẹ̀kún ojú ewé kan, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ òyìnbó mẹ́ta nínú rẹ̀. Mo dìde. Pákó ké lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Ojú ewé náà bọ́ láàárín Bíbélì ọwọ́ mi, ó gba àárín pákó wọ inú omi lọ. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, "Àwọ̀n mi ni."

"Àwọ̀n wo?" Tíṣà béèrè.

Bàbá Ìjọ mí kanlẹ̀. "Ó tó àkókò," ó wí. "Ẹja ti fẹ́ jẹrà nínú rẹ̀."

Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn, lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ mi, ó sì gbilẹ̀. Wọ́n ṣàlàyé ọ̀rọ̀ àkísà fún Tíṣà, ẹni mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà. Ojú rẹ̀ ń lọ láti àyà ọmọbìnrin náà sí ojú mi.

"Ẹ ti mọ̀? Láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ tó kọ́kọ́ so ó," Bàbá Ìjọ wí. "Ẹni tí kò sì mọ̀, nígbà tí gìrìpá yìí fi ṣòkòtò ṣe ọ̀pá lọ́ṣọ̀ọ́, òun náà mọ̀."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Tíṣà, a kì í bá ẹni fa àwọ̀n tó ní àmì."

Tíṣà jókòó. Ó tún dìde. Ó ní, "Ẹ gbé ọmọ wá." Ó sì sọ ọ́ lórúkọ.

Kí n tó lè jókòó, ọmọbìnrin náà ti dé iwájú mi. Ó fi eyín já òwú, ó fa àkísà náà tu, ó tẹ́ ẹ lé orí Bíbélì tí mo mú dání.

"Oṣù mẹ́rin ni mo fi gbé orúkọ rẹ sáyà," ó wí, ohùn rẹ̀ kò ga. "Ó wúwo. Gbé e."

"Mo fẹ́ sọ ọ́ láti ọjọ́ yìí..."

"Mo mọ̀. Akàn ló dí ọ lẹ́nu."

Kò kó ẹrù kúrò nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ní òun fẹ́ wò ó bóyá mo lè kọjá láti ilé wa dé tiwọn lójú gbogbo ènìyàn. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń rìn lórí pákó yẹn láàárọ̀, lọ́sàn-án, nírọ̀lẹ́, pẹ̀lú ẹja yíyan lọ́wọ́, kò sì sí ilé tí wọn kò ti kí mi. Ní ọjọ́ kẹrin mo rí abẹ́rẹ́ àwọ̀n lórí ìloro wọn, okùn tuntun lára rẹ̀.

Wọ́n gba Bíbélì lọ́wọ́ mi gẹ́gẹ́ bí mo ti bẹ̀rù, wọ́n ní kí èmi àti òun jókòó sẹ́yìn fún ọdún kan. Gbogbo bí mo ti dàgbà tó, mi ò tíì rí ibi tó tù mí lára tó ìjókòó ẹ̀yìn yẹn. Fèrèsé wà níbẹ̀, atẹ́gùn òkun ń gba ibẹ̀ wọlé, ọmọ ń sùn lórí itan mi, mo sì ń gbọ́ bí Tíṣà ti ń ka Bíbélì fúnra rẹ̀, láìwú ikọ́. Kò mú ìwé òyìnbó náà jáde mọ́. Àwọn kan béèrè ìparí rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kí wọ́n lọ béèrè lọ́wọ́ mi.

Mo dá àkísà pupa padà sórí ọ̀pá. Márùn-ún ni. Ìkẹfà, omi ti gbé àwọ̀n náà lọ pẹ̀lú kákí lórí rẹ̀. A gbọ́ pé àwọn ará Abereke rí i, wọ́n gbé e sórí igi létíkun kí ẹni tó ni ín wá gbà á, wọ́n sì ń bi gbogbo ọkọ̀ tó ń kọjá pé ta ló ni kákí. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n.

Ọmọbìnrin náà, tó ti di ìyàwó mi nígbà náà, ní, "Lọ gbà á. Àwọ̀n rẹ ni."

Mo ní ẹ̀rù ń bà mí. Kí ni n ó sọ pé ó gbé kákí dórí ọ̀pá mi? Mi ò lọ.